Oògùn Àìfarabalẹ̀ fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi: Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn àti Ohun tó Kan Ìwó nínú Rẹ̀

Ẹni tó sọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké ní jẹ́lé-ó-sinmi mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kì í gbé ojú kan. Ìyá tó fẹ́ dáná, tó fẹ́ pàtẹ, a fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́ kí ilé lè rójú díẹ̀. Àìfarabalẹ̀ ọmọ ti wà nínú orúkọ ọ̀hún kí dókítà kankan tó dá sí i. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àpilẹ̀kọ yìí fi nira: nígbà wo ni àìfarabalẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin di àìsàn, bó bá sì dà bẹ́ẹ̀, ṣé ó yẹ kí á máa fún un ní oògùn tó ń ta ọpọlọ jí lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ? Ìwó, ìlú Olódò Ọbà, ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń yẹ àwọn ìwádìí náà wò, nítorí níbẹ̀, ọmọ lè kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi kó bọ́ sí ilé kéú, kí ojú olùkọ́ méjì wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ADHD ní àmì mẹ́ta: ọkàn tí kì í dúró sójú kan, ara tí kì í sinmi, àti ìwàǹwára. Kí á tó pè é bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà, kó hàn nílé àti níta. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní 1937, Charles Bradley fún ọgbọ̀n ọmọ ní Benzedrine ní Rhode Island, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn túbọ̀ fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ní 1944, Leandro Panizzon ṣe methylphenidate ní iléeṣẹ́ Ciba, ní Switzerland. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ló wà nínú Ritalin, orúkọ tí wọ́n fi ń ta oògùn náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà sókè ni àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún.

Lórí àwọn tó kéré sí ìyẹn, ìwádìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni PATS, tí Laurence Greenhill àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ọmọ 303 ni wọ́n gbà wọlé, láti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ààbọ̀. Wọn kò fi oògùn bẹ̀rẹ̀. Òbí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọmọ tí èyí kò tó fún ni ọ̀rọ̀ oògùn kàn. Oògùn náà ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe ń ṣe lára àwọn ọmọ tó dàgbà jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n pín wọn sọ́nà méjì, ìdá 21 nínú 100 àwọn tó lo oògùn ni ara wọn balẹ̀ dé ìwọ̀n tí a lè pè ní ìwòsàn. Ìdá 13 nínú 100 àwọn tó lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú náà dé ibẹ̀. Ìdá 11 nínú 100 àwọn tó tọ́ oògùn náà wò ló jáwọ́ nítorí ìnira tó bá a wá. Àwọn ìnira tí ìwádìí náà rí ni pé oúnjẹ kì í wu ọmọ jẹ, oorun ń dá, ẹkún àti ìkanra ń pọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìdàgbàsókè. James Swanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn ọmọ tó lo oògùn náà pẹ́. Lọ́dún kan, gíga wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.38 dín sí ohun tó yẹ kó jẹ́, ìwọ̀n wọn sì fi kílò 1.32 dín. Ìyẹn ni pé ohun tó ju ìdajì lọ nínú ìwọ̀n tó yẹ kó kún ọmọ lára lọ́dún náà ni kò kún un. Àwọn ọmọ ọ̀hún tilẹ̀ tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìwó tí kò ju kílò mẹ́rìndínlógún lọ, tí ibà ń bá fínra lásìkò òjò. Kílò kan àti díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré lára rẹ̀.

Ní ti kí oògùn pẹ́ lára, wọ́n tún wá àwọn ọmọ PATS lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àbọ̀ tó jáde ní 2013 sọ pé ìdá 89 nínú 100 ṣì ní àìsàn náà, ẹni tó ń lo oògùn kò sì sàn ju ẹni tí kò lò ó. Bákan náà ni ìwádìí MTA, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 579 tó ti tó ọdún méje sókè: lóṣù kẹrìnlá, oògùn gba iwájú, nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Mi ò torí èyí sọ pé oògùn kò wúlò. Ọmọ tó ń sáré já sí títì níwájú ọkọ̀, tí gbogbo ọ̀nà mìíràn ti kùnà lórí rẹ̀, oṣù díẹ̀ tó fi balẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohun tí ẹ̀rí kò gbè ni kí á bẹ̀rẹ̀ kí á má wẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2019 náà ní kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òbí ṣáájú fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún.

Nílé wa ńkọ́? Ní 2007, Adewuya àti Famuyiwa ròyìn pé nínú ọmọ 1,112 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìdá 8.7 nínú 100 ló ní ADHD. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje sí méjìlá ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ti oògùn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò gbà kí methylphenidate wọ àkójọ oògùn kòṣeémánìí rẹ̀ ní 2019 àti 2021.

Ní Ìwó, kí á tó dé ìdí oògùn, etí ọmọ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ wí; a ó ní aláìgbọràn ni. Ká béèrè bóyá ibà ti gbé e dákú rí, nítorí ìwádìí láti Uganda fi hàn pé ibà tó bá wọ ọpọlọ lè fi irú ìwà yìí sílẹ̀. Ká sì wo ọjọ́ orí rẹ̀ nínú kíláàsì. Ní British Columbia, ní Kánádà, ìwádìí 2012 lórí ọmọ tó lé ní 900,000 rí i pé ọkùnrin tí wọ́n bí ní Dìsẹ́ḿbà, tó kéré jù ní kíláàsì, fi ìdá 30 nínú 100 ju ẹni tí wọ́n bí ní Jánúárì lọ láti gba orúkọ ADHD. Àwa tí a fẹ́ràn kí ọmọ fò kíláàsì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Orúkọ tún ń bẹ tó burú ju ADHD lọ: emèrè, ẹlẹ́gbẹ́. Bí ìyẹn bá ti lẹ̀ mọ́ ọmọ, pàṣán ni ìtọ́jú tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ òbí kò ta kókó: àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kúkúrú, ìyìn lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣe dáadáa, àsìkò oúnjẹ àti oorun tí kì í yẹ̀, kí á gbójú fo ìwà kéékèèké tó fi ń wá ojú wa. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tó ń kọ́ni nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé, Ìbàdàn kò sì jìnnà sí Ìwó. Ṣùgbọ́n ìyá nìkan kò tó. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá wà lọ́jà gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀, àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, àti àlùfáà ilé kéú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni àwọn ti PATS fi ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kan oògùn. Kò tó táàmù kan.