Ta ló ni títì? Ìtàn ọkọ̀ oníná tó ń sáré nígboro

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ìtàn ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀ o.

Lọ́dún 2017, Denis Coderre tó jẹ́ olórí ìlú Montreal ní Kánádà gbé Formula E wọ àárín ìgboro. Formula E ni eré ìje àwọn ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Kò sí epo, kò sí èéfín. Wọ́n to ògiri kọnkéré àti irin sójú títì, wọ́n sì sé ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn àtàwọn tó ń tajà níbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Montreal ti ní pápá eré ìje tiẹ̀ tẹ́lẹ̀! Orí erékùṣù kan ni Circuit Gilles Villeneuve wà, ibẹ̀ sì ni Formula 1 ti máa ń sáré.

Kí ló dé tí wọn ò lo ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ná.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọkọ̀ oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Rárá o. Lọ́dún 1899, ọkọ̀ oníná ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó sáré kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Camille Jenatzy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló wà á ní Achères, nítòsí Paris. La Jamais Contente ni wọ́n sọ ọkọ̀ yẹn, ìyẹn ni pé nǹkan kan ò tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Ẹ gbọ́ orúkọ!

Nígbà yẹn, ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń rìn náà ni wọ́n ti ń díje. Ó wá di oṣù Karùn-ún ọdún 1903, wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ sáré láti Paris dé Madrid. Èrò pọ̀ bí eéṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ pa awakọ̀, ó pa òǹwòran. Marcel Renault, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó dá ilé iṣẹ́ Renault sílẹ̀, bá a lọ. Bordeaux ni ìjọba Faransé ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọn ò dé Madrid.

Lọ́dún 1907, wọ́n ṣí Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré ìje ọkọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìgboro sílẹ̀ pátápátá o. Monaco bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 1929, ó sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó fà á tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá.

Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Formula E bẹ̀rẹ̀ ní Beijing. Ohun tí Alejandro Agag àtàwọn tó dá a sílẹ̀ ń sọ ni pé ọkọ̀ wa kì í rú èéfín, ariwo rẹ̀ ò pọ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn èèyàn láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: bátìrì wọn ò lágbára. Kò lè gbé ọkọ̀ parí eré! Tó bá dé ìdajì, awakọ̀ á páàkì, á bẹ́ sílẹ̀, á kó sínú ọkọ̀ kejì. (Bí èrò dánfó tí ọkọ̀ wọn dákú lójú ọ̀nà.) Títì kúkúrú tó kún fún kọ́nà ló bá irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mu, torí gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ búrékì, iná díẹ̀ á padà sínú bátìrì. Ìgboro ló bo àbùkù yẹn mọ́lẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, inú Battersea Park ni wọ́n ti sá a ní 2015 àti 2016, páàkì táwọn èèyàn ti ń gbafẹ́ láti 1858. Àwọn ará àdúgbò bínú, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé ti 2016 ni ìkẹyìn.

Ti Montreal le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Coderre ò sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà títí ìbò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ́, nínú nǹkan bí 45,000, nǹkan bí 20,000 ni wọ́n fi tọrẹ! Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi kánópì dí ẹnu ọ̀nà yín rí nítorí ìnáwó ẹlòmíì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Valérie Plante fẹ̀yìn Coderre balẹ̀ nínú ìbò oṣù Kọkànlá. Mi ò ní eré ìje nìkan ló fà á, àmọ́ ó wà lára ẹ̀. Oṣù Kejìlá ni obìnrin yẹn wọ́gi lé ti ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má rò pé pápá gidi ò ní wàhálà tiẹ̀ o. Valencia, oṣù Kẹrin ọdún 2021: pápá fẹ̀, òjò rọ̀, ìjàǹbá ń dá eré dúró, òfin sì ní kí wọ́n máa dín iná tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè lò kù. Nígbà tó ku ìyípo kan péré, iná tán mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń wọ́ lọ bí ìgbín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bátìrì ń dára sí i. Ọkọ̀ tuntun tó dé ní 2023, wọ́n ṣe é kó lè sá tó 322 kìlómítà ní wákàtí kan. Oṣù Keje ọdún yẹn ní Rome, ọkọ̀ kan yí ní kọ́nà láàárín títì, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń kọlù ara wọn. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Lọ́dún 2024, wọ́n gbé eré Ítálì lọ sí Misano, pápá tí wọ́n kọ́ fún un.

Èmi fẹ́ràn eré yìí gan-an, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé e jìnnà sáwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ti Berlin ló dáa jù. Tempelhof ni wọ́n ti ń sá a, pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n tì pa lọ́dún 2008. Àárín ìlú ló wà, síbẹ̀ ìyá àgbà kankan ò ní máa bẹ sẹ̀kúrítì kó tó wọlé ẹ̀. Ọdún 2016 nìkan ni wọ́n gbé e lọ sójú títì Karl-Marx-Allee, torí pé àwọn tógun lé kúrò nílùú wọn ló ń gbé ní Tempelhof nígbà yẹn. Ní 2017, wọ́n padà síbẹ̀.