Ẹni Tí Ó Ni Ẹrú Ni Ó Ni Ẹrù

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù kò pa á láti fi yin òwò ẹrú; ohun tí ojú wọn rí ni ẹnu wọn sọ. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá pàdé ẹrú lójú ọ̀nà tí ó ru ẹrù gẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ná ọjà orí rẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni; olówó rẹ̀ ni a ó wá lọ.

Òwe yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí ìdájọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, pe ìpínlẹ̀ 36. Kí ọjọ́ náà tó dé, inú àpò kan tí òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dá sílẹ̀, tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ni, ni owó káńsù ń wọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà ni ẹnu àpò náà wà. Àwọn adájọ́ wá pàṣẹ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 fún wọn ní tààrà, wọ́n ní gómìnà kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká, àti pé káńsù tí kò bá ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn kò gbọdọ̀ rí owó gbà.

Ìdájọ́ rere ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ọjà tí a ń ná, gáréèjì tí a ti ń wọkọ̀, ìwé ìbí àti ìwé ikú, títí kan itẹ́ òkú, abẹ́ káńsù ni òfin kó gbogbo wọn sí. Ìjọba tí ó ń gba orúkọ wa sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a dáyé ni ó tún ń tọ́jú ibi tí a ó sùn sí. Bí owó irú ìjọba bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyálọ́jà tí ó ń rọ́ gba inú ẹrẹ̀ ọjà kọjá ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn gómìnà rí i pé láìsí ìdìbò kò sí owó, gìrìgìrì bẹ́ sílẹ̀, oníkálukú sì ṣètò ìdìbò tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ gómìnà, APC, kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní Èkó Akéte, ẹgbẹ́ kan náà kó gbogbo ipò alága 57 ní ọdún 2025. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àrùn ẹgbẹ́ kan ni, nítorí ní Ọ̀yọ́, kí ìdájọ́ tilẹ̀ tó wáyé, PDP tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ gómìnà ibẹ̀ nígbà náà ti gbá gbogbo 33 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ǹjẹ́ ìlú Ìbàdàn, Mesì Ọ̀gọ̀, níbi tí tọkọtaya kì í ti í sábà ṣe ẹgbẹ́ kan náà, lè fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ báyìí?

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Abala 198 nínú òfin ilẹ̀ wa ni ó fi yíyan àwọn tí yóò ṣètò ìdìbò káńsù sí ọwọ́ gómìnà, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kàn ń fọwọ́ sí i. Alága tí ó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé mọ ẹni tí ó gbé e dé orí àga, àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ san owó náà sí i lọ́wọ́ ní tààrà, ẹ tilẹ̀ gbé e dé ìyẹ̀wù rẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá ké sí i, yóò ru ú lọ. Ẹrù ni ilé-ẹjọ́ tú. Ẹrú ṣì wà ní ìdè.

Àwọn kan, ọmọ Yorùbá bí tèmi, tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ Awólọ́wọ̀ gbọ́, yóò ní ìpínlẹ̀ ni ó ni káńsù, pé kò yẹ kí Àbújá fo gómìnà dá. N kò lè fọwọ́ rọ́ àwíjàre wọn sẹ́yìn. Ṣebí ní ọdún 2004 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ há owó káńsù Èkó mọ́wọ́ nítorí káńsù tuntun 37 tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ pé kò ní agbára bẹ́ẹ̀. (Gómìnà tí ó fara gba ìyà náà lọ́jọ́ náà, òun ni Ààrẹ tí ìjọba rẹ̀ pe àwọn gómìnà lẹ́jọ́ lónìí, ayé yìí náà mà ń yí o.) Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ bá ni káńsù, àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ ni ó ni ín, kì í ṣe ẹni kan ṣoṣo tí ó ń gbé ilé ìjọba. Ní agbègbè olú-ìlú Àbújá, níbi tí kò ti sí gómìnà, tí INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, sì ń ṣètò ìdìbò, APC tí ó wà lórí oyè mú káńsù mẹ́ta nínú mẹ́fà ní ọdún 2022, PDP mú mẹ́ta. INEC kì í ṣe ańgẹ́lì, síbẹ̀ irú èsì yẹn ṣòro láti rí nílé wa.

Abala 198 ni ó yẹ kí a tún ṣe, kí yíyan àjọ elétò ìdìbò kúrò lọ́wọ́ gómìnà nìkan. Kò rọrùn, nítorí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ gómìnà ti le jù. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà tí àwọn tí ń du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá wá sí ẹnu ọ̀nà yín fún ìdìbò ọdún 2027, ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò fọwọ́ sí i, kí ẹ tó bi wọ́n léèrè ọ̀dà àti afárá.