Fọ́nrán ewéko tí wọ́n fi rẹ́sìn dì: ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ohun èlò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi fọ́nrán ewéko àti rẹ́sìn ṣe. Rẹ́sìn ni oje kẹ́míkà tí ó ń ṣàn bí oyin, tí ó sì ń le gbagidi bí wọ́n bá po kẹ́míkà mìíràn mọ́ ọn. Bí ó bá dá wà, kì í pẹ́ fọ́. Fọ́nrán ní tirẹ̀ kì í tètè já, ṣùgbọ́n kò lè dá nàró. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, fọ́nrán ni yóò máa gbé ẹrù, rẹ́sìn ni yóò sì máa pín ẹrù náà fún fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.

Òwú wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ewédú tí à ń sè lọ́bẹ̀ náà wà níbẹ̀: láti ara èèpo igi rẹ̀ àti ti ìbátan rẹ̀ kan ni wọ́n ti ń bó fọ́nrán tí wọ́n fi ń hun àpò ní Íńdíà àti Bangladesh.

Ìwúwo ni fọ́nrán yìí fi borí fọ́nrán gíláàsì tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń lò. Bí ti gíláàsì bá wọn kìló 2.5, ti ewédú tí ó gba àyè kan náà kì í ju nǹkan bíi kìló 1.5 lọ. Ṣùgbọ́n gíláàsì ló lágbára jù. Lórí òṣùwọ̀n megapascal, fọ́nrán ewédú sábà máa ń já láàárín 400 sí 800. Ti gíláàsì máa ń kọjá 2,000. Bákan náà, ibi tí fọ́nrán bá dojú kọ ni agbára wà. Bí wọ́n bá fa ohun èlò náà ní ìbú, rẹ́sìn nìkan ló kù tí yóò máa jìjàkadì.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Fọ́nrán ewéko ń fa omi mu, rẹ́sìn kò gbà á, nítorí náà wọn kì í tètè lẹ̀ mọ́ra. Bí omi bá wọlé, fọ́nrán yóò wú, àlàfo yóò yọ láàárín wọn, agbára yóò sì dínkù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ rẹ fọ́nrán sínú omi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, kí ara rẹ̀ má baà dán mọ́, kí rẹ́sìn lè rí ibi dì mú. Bí sódà bá sì pọ̀ jù, fọ́nrán náà ni yóò jẹ.

Ọkọ̀ Trabant jẹ́ ẹ̀rí gbogbo èyí. Láti 1957 sí 1991 ni wọ́n fi ṣe é ní ìlú Zwickau, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ó sì lé ní mílíọ̀nù 3. Nítorí pé irin ṣọ̀wọ́n, àjákù òwú àti rẹ́sìn ni wọ́n fi ṣe ìbòrí ara rẹ̀. Ìbòrí náà kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ dúró. Irú rẹ́sìn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé yọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọkọ̀ gbó tán, ibi tí wọn yóò kó ìbòrí rẹ̀ sí di ìṣòro.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe àjà ilé tàbí inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣìnà. Òpó tí ó gbé ilé ró kọ́ ni à ń fi í ṣe.