Ta Ló Ni Telebahia?

Bí a bá dárúkọ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, òrìṣà àti àkàrà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí. Lónìí, ìtàn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wọn ni mo fẹ́ sọ.

Telebahia wà lábẹ́ Telebrás, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ní ọdún 1998, ìjọba Ààrẹ Fernando Henrique Cardoso pín Telebrás sí ọ̀nà 12, ó sì tà wọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Keje. Owó tí ó wọlé lé ní bílíọ̀nù 22 réàlì. Telefónica ti ilẹ̀ Spéìn ra ti São Paulo. Telebahia ní tirẹ̀ bọ́ sínú Tele Norte Leste, tí ó kó ìpínlẹ̀ 16 pọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n rà á.

Àwọn wo ni? BNDES, báńkì ìjọba tí ó bójú tó títà náà, ni ó tún gba ìdá kan nínú mẹ́rin láàárín àwọn olùrà. Ìjọba fi ọwọ́ ọ̀tún tà, ó fi ọwọ́ òsì rà.

Ohun tí ènìyàn dá ní ni à ń pè ní àdáni. Èyí kì í ṣe àdáni rárá, lójú tèmi. Ilé-iṣẹ́ náà di Telemar, ó di Oi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ pẹ̀lú gbèsè bíi bílíọ̀nù 65 réàlì.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti ta ohun ìjọba fún aládàáni, ẹ bèèrè pé: owó ta ni wọ́n fi rà á?