Kí Ni Ká Pe Àwọn Ará Ilé-iṣẹ́ Àáró?

Ní àgbègbè gáréèjì Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ọwọ́ ti lórúkọ tipẹ́. Ẹni tó ń fi iná so irin mọ́ irin ni ajórin; ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ni rewáyà. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Bó bá gba fíríídọ̀ọ̀mù tán, tí kò tíì rówó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó di jọ́nímáànù: á máa bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, á máa gbowó. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ibì kan wà báyìí tí ètò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kò bá mu: makerspace, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti jọ ń lo irinṣẹ́ kan náà, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Nílùú Lomé, ní Tógò, ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ibẹ̀ ni Afate Gnikou ti fi ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti kó dànù ṣe ẹ̀rọ 3D kan, W.Afate, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní 2013.

Nírú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́ni ní wáyà láàárọ̀ lè dọmọ iṣẹ́ káfíńtà lọ́sàn-án. Ta wá ni ọ̀gá?

Àwọn àgbẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ tó yẹ. Nínú ọ̀wẹ̀, èèyàn á bẹ èrò lọ sóko ẹ̀ẹ̀kan, á sì bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú àáró, oko Àjàní lónìí, oko Àkàndé lọ́la. Iṣẹ́ ni gbèsè, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń san án. Ilé-iṣẹ́ àáró ni makerspace, aláàáró sì ni àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa tọ́jú ẹ̀rọ ńkọ́? Jọ́nímáànù ti wà fún un: ó mọṣẹ́, òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rọ 3D ló gba àròjinlẹ̀ jù. Bá a bá fẹ́ pè é ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, títẹ̀ ló bí ìtẹ̀wé: lẹ́tà onírin á tẹ̀ mọ́ bébà. Ó kéré tán, Abẹ́òkúta ti mọ̀ ọ́n láti 1859, nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde. Àmọ́ ẹ̀rọ tuntun yìí kì í tẹ nǹkan kan. Òwú ike ló ń yọ́, ní nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wá máa tò ó léra ní ìpele-ìpele bí amọ̀kòkò ṣe ń ká amọ̀. Mímọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìmọhun ló yẹ kó máa jẹ́.

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tuntun ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1970, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tíṣà ló ń lo ọ̀rọ̀ ti kíláàsì. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn òṣìṣẹ́ ló máa yàn án. Ayárabíàṣá wọ ìwé, ó wọ rédíò, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ni àwọn tó ń tún un ṣe ń pè é. Sílébù mẹ́fà ni ayárabíàṣá, mẹ́ta péré ni ìmọhun: ó ṣeé pariwo pè nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún.