Dúró Ládiípọ̀: Olùkọ́ ní Kàdúná, Òǹkọ̀wé Eré Olórin ní Òṣogbo

Dúró Ládiípọ̀ jẹ́ òǹkọ̀wé eré onítàn, olórin, òṣèré àti olùdarí ẹgbẹ́ eléré. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ àwọn eré rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú Hubert Ògúǹdé àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá gẹ́gẹ́ bí àwọn òpó tí ó gbé tíátà Yorùbá ró ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo ní ọdún 1961. Àpilẹ̀kọ yìí bẹ̀rẹ̀ sáájú ìgbà náà, nítorí pé Kàdúná wà lára ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀.

Ìbí àti ìtọ́dàgbà

Òṣogbo ni a bí i sí, ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá. Àwọn ìwé kan kọ 1926 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ 1931. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Bí bàbá ti ń fa ọmọ sí orin ìsìn àti Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ni ọdún òrìṣà àti ti egúngún tí ó yí wọn ká ń fa ojú ọmọ mọ́ra. Ìfàmọ́ra méjì yìí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Olùkọ́ ní Kàdúná

Kàdúná di olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní ọdún 1917. Iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ọ́fíìsì àti òwò kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ síbẹ̀, wọ́n sì kó ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ wọn dání. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ ni United Native African Church, tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1891 kí wọ́n lè máa darí ìsìn ara wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ yìí ní Kàdúná ni Ládiípọ̀ ti ṣe olùkọ́. Níbẹ̀ ni ó ti bá wọn dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, tí ó sì tún As You Like It, eré Shakespeare, ṣe fún ìlò wọn.

Eré ilé-ẹ̀kọ́ ni eré yìí, ìtàn òyìnbó sì ni. Síbẹ̀, ó fi hàn pé Ládiípọ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gba ìtàn ẹlòmíràn kí a sì tún un dá fún àwọn tí ó wà níwájú ẹni.

Ní 1957 ni a dá Kaduna Textiles Limited sílẹ̀ ní Kakuri, ní gúúsù ìlú náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ mìíràn tẹ̀lé e, iṣẹ́ wọn sì tún fa Yorùbá púpọ̀ sí i wá. Fún ọmọ tí a bí sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ó ń sọ Yorùbá nílé tí ó sì ń sọ Haúsá lójú pópó, ìgbà tí Ládiípọ̀ fi gbé Kàdúná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi náà ní ìpín nínú ìtàn tíátà wọn.

Ìlù nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Lẹ́yìn tí ó padà sí Òṣogbo, ó kọ eré olórin kan fún ọdún Àjíǹde ní 1961, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Àwọn aṣáájú ìjọ kò fara mọ́ ọn: ìlù tí a fi ń ki òrìṣà kò gbọdọ̀ dún níwájú pẹpẹ. Ládiípọ̀ kò sọ ìlù náà nù. Ó wá ibòmíràn fún eré rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Mbárí Mbáyọ̀, tí òun àti Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. “Mbari” jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí “ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀”, orúkọ náà sì di ti wọn.

Àwọn eré rẹ̀

Ọba Mórò (1962) sọ ìtàn Aláàfin Abípa, ẹni tí àwọn ìjòyè rán àwọn ènìyàn láti ṣe bí iwin kí wọ́n lè dẹ́rù bà á, kí ó má baà kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ọba Kò So (1963) ni ó lókìkí jù. Ṣàngó fẹ́ dín agbára Tìmì àti Gbọ̀nkáà, àwọn jagunjagun rẹ̀, kù. Ó fi ọ̀kan kọlu èkejì, ọ̀tẹ̀ náà sì padà wá sórí òun fúnra rẹ̀. Ládiípọ̀ máa ń ṣe Ṣàngó. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, a sì máa ṣe Ọya. Ìlù bàtá, oríkì àti ọfọ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ inú eré náà. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, eegun ìtàn nìkan ni yóò kù.

Ọba Wàjà (1964) dá lé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù ní 1944, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó dí Ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ láti bá ọba rẹ̀ lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni Wọlé Ṣóyínká lò nínú Death and the King’s Horseman (1975). Ẹ̀dá fi aṣọ Yorùbá wọ Everyman, eré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ara rẹ̀ ni Lérè Páímọ́ ti di Ẹ̀dá Onílé Ọlá. Nínú eré yìí, a rí iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ Kàdúná náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ìlù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Mórèmí tẹ̀lé e ní 1966.

Òkìkí àti ìkẹyìn

Ọba Kò So dé àjọ̀dún Berlin ní 1964, ó dé àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1975. Àwọn òǹwòran wọ̀nyí kò gbọ́ Yorùbá, Ládiípọ̀ kò sì torí wọn pa èdè dà. Nílé, ètò Bọ́dé Wáàsinmi gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ó kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, 1978.

Ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ni ó gbé Ládiípọ̀ dé òkè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ Ọba Kò So nínú ìwé láì gbọ́ bàtá rẹ̀ kò tíì ka tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ka ìtàn ayé Ládiípọ̀ tí ó sì fo Kàdúná.