Èéfín, Iná àti Kòkó ní Ọ̀wẹnà

Ọ̀wẹnà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oko kòkó ló yí i ká, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1964 sì ní ẹ̀ka níbẹ̀. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí ààrò nìkan. Ó ń bá kòkó dé ọjà òkè òkun.

Kábọ́ọ̀nù ló kó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ. Bí igi bá ń jó, tí atẹ́gùn sì ráyè wọlé dáadáa, gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù a gba gíráàmù 32 ọ́síjìn mọ́ra, wọn a di gíráàmù 44 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí ojú kò lè rí. Èéfín tí ń ta wá lójú yàtọ̀ sí èyí: apá igi tí kò jó tán ni. Igi tútù ló ń mú un pọ̀, torí pé omi inú igi ni ooru iná kọ́kọ́ ń bá jà. Níbi tí atẹ́gùn bá ti há, kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ń jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń di mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Òun ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan án sínú ilé, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó.

Oòrùn ni wọ́n fi ń sá kòkó. Bí òjò kò bá jẹ́ kó ràn, àwọn kan a fi iná igi yan án. Bí èéfín bá ráyè kan kóró rẹ̀, ọ̀rá inú kóró náà a fa òórùn èéfín mu, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì kò sì ní lè yọ ọ́ mọ́. Ewu tó wà nínú rẹ̀ tún ju òórùn lọ. Benzopyrene, èròjà inú èéfín tó ń fa jẹjẹrẹ, máa ń bá a wọlé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi gbèdéke lé e: kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kílò kan ọ̀rá kòkó. Páìpù tó ń gbé èéfín gba ẹ̀yìn ilé jáde, tí ooru nìkan á fi kan kòkó, ti tó láti dènà ewu yìí. Àtíbàbà onílọ́ọ̀nù tí oòrùn ń gbà kọjá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò nílò igi rárá.

Nínú ilé, gáàsì ìdáná, ìyẹn própéènì àti bútéènì, máa ń dàpọ̀ mọ́ atẹ́gùn dáadáa, iná rẹ̀ sì máa ń jẹ́ búlúù. Òun náà ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì jáde, ṣùgbọ́n kì í bo ìdí ìkòkò ní dúdú. Wọ́n ti dán ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí a fi ń dáná, wò n'Ìbàdàn pẹ̀lú aláboyún 324, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2017: ẹ̀jẹ̀ ríru bá ìdá 6.4 nínú 100 àwọn tó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì, ó sì bá ìdá 1.9 péré nínú àwọn tó lo ẹ́tánọ́ọ̀lù.

Èèpo kòkó náà ṣeé lò. Bí a bá sun ún, eérú rẹ̀ a ní pọ́táṣì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bí a bá kó o pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran sínú kòtò tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, yóò mú mẹ́téènì jáde tí a lè fi se oúnjẹ.